Ẹsẹ̀ Ń Pa Ju Ọwọ́ Lọ: Bí A Ṣe Ń Rìn Láàárín Kòtò Omi ní Moss Beach

Bí omi òkun bá fà sẹ́yìn ní Moss Beach, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, pèpele àpáta tó wà lábẹ́ omi á yọjú síta. Kòtò kún ara rẹ̀ bí ojú afárá oyin. Omi tó ṣẹ́kù sínú àwọn kòtò náà mọ́ gaara bí omi amù, ẹ̀mí ló sì kún inú wọn: akàn, ìràwọ̀ òkun, òòrẹ̀ òkun tó gbẹ́ ilé sínú òkúta, ẹja tí kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹni tó bá dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún á rí ohun tí ẹni tó ń sáré kiri fún wákàtí méjì ò ní rí. Ẹni tó ń sáré kiri náà ò sì ní mọ iye ẹ̀mí tó ti tẹ̀ pa.

Orúkọ ibẹ̀ ni James V. Fitzgerald Marine Reserve. Inú San Mateo County ló wà, lẹ́bàá Highway 1, nǹkan bí máìlì 20 sí gúúsù San Francisco. Etíkun rẹ̀ gùn tó máìlì mẹ́ta, láti ìtòsí Point Montara dé Pillar Point. Ọdún 1969 ni wọ́n fi òfin sọ ọ́ di ibi ààbò, torí pé àwọn àlejò ti ń fi garawa kó ohun inú kòtò lọ sílé. Láti ọdún 2010, òfin Montara State Marine Reserve tí ìpínlẹ̀ ṣe ló ń ṣiṣẹ́ lórí omi ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mú ohunkóhun lọ, ìbáà jẹ́ ẹran, ewéko òkun, òkúta, tàbí ìkaraun tó ti ṣófo. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé.

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá ló ti mọ̀ pé kò yẹ káwọn mú nǹkan. Wọ́n á ká ọwọ́ wọn kò bí ọmọ ilé ìwé tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, ẹsẹ̀ wọn á sì máa run àwọn ẹ̀dá tó wà nílẹ̀. Nítorí náà, ohun méjì ni mo máa lo àkókò lé lórí jù: ìgbà tó yẹ kéèyàn lọ, àti ibi tó yẹ kó fi ẹsẹ̀ sí.

Omi ló ni aago

Ọmọ Èkó tó ń lọ sí etíkun Badagry tàbí Lekki kì í wo ìwé àkókò omi kankan kó tó jáde. Yanrìn ni gbogbo ibẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà kò sì ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ní Moss Beach, ìyàtọ̀ yẹn sábà máa ń súnmọ́ mítà méjì. Bí òṣùpá bá ti dé àrànmọ́jú tàbí tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dé nígbà tí omi kún, ìgbì tó ń lu ẹsẹ̀ òkè ló máa bá. Kò ní rí kòtò kan ṣoṣo.

Àjọ NOAA ti ìjọba Amẹ́ríkà ń gbé àkókò omi jáde lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ẹ máa yàn níbẹ̀ ni Pillar Point Harbor, tó wà ní Half Moon Bay. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn wo ti San Francisco, ní Golden Gate, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Omi máa ń fà ní Moss Beach ṣáájú ti Golden Gate, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ti Golden Gate á wà lórí àpáta nígbà tí omi ti ń padà bọ̀, á sì máa rò pé omi ṣì ń fà lọ. Ó léwu ju kéèyàn má wo ìwé rárá, torí ẹni tí kò wo ìwé á máa ṣọ́ra. Bó bá sì jẹ́ ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ ń lò, ẹ wò ó bóyá aago ìgbà òtútù ló fi kọ ọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi wákàtí kan kún un láti oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, torí wọ́n máa ń sún aago síwájú níbẹ̀ lásìkò yẹn.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ni gíga omi, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Òdo kò túmọ̀ sí pé omi ti tán. Lójoojúmọ́, omi máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, ọ̀kan á lọ sílẹ̀ ju èkejì lọ. Èyí tó lọ sílẹ̀ jù yẹn ni wọ́n ṣírò ìpíndọ́gba rẹ̀, òun ni wọ́n pè ní òdo. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 1 tàbí tó dín sí i, ẹ lè lọ. Bí àmì ìyọkúrò bá wà níwájú rẹ̀, bíi −0.5 tàbí −1.2, ọjọ́ ńlá ni, torí apá àpáta tí kì í sábà rí oòrùn ti ṣí sílẹ̀. Bó bá ti ju 2 lọ, ẹ fi owó epo yín pamọ́. Ẹ sì rí i dájú pé ìgbà tí omi fà lọ sílẹ̀ jù lẹ mú nínú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ló ti mú ti aago 10 alẹ́ fún ti aago 10 àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ tún wà níbẹ̀ o. Láti ìgbà ìrúwé títí wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn wọn, omi tó lọ sílẹ̀ jù máa ń bọ́ sí ìdájí, aago 5 tàbí 6, bẹ́ẹ̀ aago 8 òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí ibẹ̀. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé àkókò omi máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójúmọ́. Ẹ má fi dandan lé ọjọ́ tí nọ́ńbà kéré jù. Ẹ ka ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin síwájú. Omi ò ní lọ sílẹ̀ tó ti ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n á bọ́ sí ìgbà tí ilẹ̀kùn ti ṣí. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ó yí padà: ọ̀sán ni omi ń fà jù. Ìyẹn dára fún ẹni tí kì í tètè jí, àfi pé oòrùn á ti wọ̀ ní nǹkan bí aago 5 ìrọ̀lẹ́ láàárín oṣù Kejìlá, ẹ ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí òkùnkùn ká yín mọ́ orí àpáta tó ń yọ̀.

Ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ìwé sọ pé omi máa fà dé −0.3 ní aago 10:20 àárọ̀. Ẹ wà níbi ìgbọ́kọ̀sí ní aago 8:45, kí ẹsẹ̀ yín kan àpáta ní aago 9:10. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó súnmọ́ ilẹ̀, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé omi bó ṣe ń fà lọ, títí aago 10:20. Ní 10:40, ẹ yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì jọ pé omi ń bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi kì í yára. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gùn, ìgbà tó bá di wákàtí kejì sí ìkẹta ló máa ń sáré. Ohun tó ń kó èèyàn sí wàhálà ni pé ibi tí ẹ dúró lè ga ju ibi tí ẹ gbà dé ibẹ̀. Ojú ọ̀nà omi tó wà lẹ́yìn yín, èyí tí ẹ fi kókósẹ̀ là kọjá nígbà tí ẹ ń lọ, òun ló máa kọ́kọ́ kún, ẹ̀yin á sì wà lórí àpáta gbígbẹ, inú yín á máa dùn, ẹ ò ní mọ̀ pé erékùṣù lẹ dúró sí. Omi ibẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi ìwọ̀n 10 sí 15 lọ lórí Celsius. Ẹni tó mọ ìwẹ̀ dáadáa náà á gbọ̀n.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tún wo gíga ìgbì nínú ìròyìn ojú ọjọ́ ti òkun. Omi lè fà dé −1 kí ìgbì ńlá sì máa gbá gbogbo etí àpáta. Bí wọ́n bá ti kéde ìgbì tó ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ, ẹ máa wo kòtò tó súnmọ́ ilẹ̀ nìkan tàbí kẹ́ ẹ yan ọjọ́ mìíràn. Ìgbì kan máa ń dédé yọ ní etíkun yẹn tó ga ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí òkun ti dákẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá sí ogún. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí òkun rí, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń ya fọ́tò.

Dídé ibẹ̀

Láti Highway 1, ẹ yà sí California Avenue nínú Moss Beach, ẹ lọ dé òpin rẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lápá ọ̀tún, ní North Lake Street, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà níbẹ̀; ẹ lò ó kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, torí kò sí òmíràn nísàlẹ̀. Ìgbọ́kọ̀sí náà kéré. Ní Sátidé tí omi bá fà dáadáa, ó máa ń kún kíákíá, àwọn èèyàn á wá máa páàkì sí ẹnu ọ̀nà onílé. Ẹ ò gbọdọ̀ mú ajá wá, ìbáà jẹ́ ajá tí wọ́n fi okùn dè. Àwọ̀n, garawa àti ṣọ́bìrì ọmọdé, inú bùùtù ni kí wọ́n wà.

Bàtà rọ́bà tó bo ọmọ ìka, tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín, ló dára jù. Sálúbàtà á bọ́ sínú kòtò, ẹsẹ̀ lásán á gé lára barnacle, ẹran kékeré funfun tó le bí eyín tó sì lẹ̀ mọ́ àpáta. Ẹ wọ ṣòkòtò tí ẹ lè ká sókè àti ẹ̀wù tí afẹ́fẹ́ ò lè gbà kọjá. Òtútù ibẹ̀ kì í wo ojú ẹ̀ẹ̀rùn. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo, nítorí náà báàgì ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ gbé, kì í ṣe ti ọwọ́.

Ohun tó wà lábẹ́ bàtà

Ojú ló ń rìn kí ẹsẹ̀ tó rìn níbẹ̀. Yanrìn ni ẹ kọ́kọ́ wá: àwọn ojú ọ̀nà oníyanrìn máa ń gba àárín àpáta kọjá. Bí kò bá sí yanrìn, àpáta tó ṣí sílẹ̀ gbalaja, tí nǹkan kan ò lẹ̀ mọ́, ni ipò kejì, pàápàá ibi tí ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá ti mú dán. Ẹ tẹ̀ lé ipasẹ̀ yẹn. Ó sàn kí ogún èèyàn gba ojú kan náà kọjá ju kí wọ́n fọ́n ká, kí olúkúlùkù wá la ọ̀nà tirẹ̀.

Ewéko pẹlẹbẹ tó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ẹ̀fọ́, tó ń dán, ń yọ̀ ju ilá tí wọ́n dà sílẹ̀ lọ. Èyí tó gùn, tó nà sílẹ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, koríko òkun ni. Ó máa ń bo ihò mọ́lẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni kókósẹ̀ ti ń yẹ̀. Ibi tí ohun dúdú oníkaraun méjì bá kún bí òkìtì èédú, mussel ni wọ́n. Okùn tín-ín-rín tí wọ́n ń ta fúnra wọn ni wọ́n fi so mọ́ àpáta àti mọ́ ara wọn. Bí bàtà bá fọ́ mẹ́ta ní àárín, ìgbì á rí ojú ihò tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ihò náà á sì máa gbòòrò. Àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó bo òkúta bí ẹni pé wọ́n kùn ún lọ́dà náà, ewéko ni, ó ní ẹfun nínú ara rẹ̀, ó sì ń dàgbà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù. Lórí àpáta tí omi ti kúrò, ẹ máa rí ibì kan tó dà bíi pé ẹnì kan da yanrìn àti àfọ́kù ìkaraun sí. Ó jọ ibi tó dára láti tẹ̀, torí kò ní ewéko, kò sì dán bí ohun tó ń yọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yanrìn náà pín sí róbótó róbótó, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju owó wẹ́wẹ́ lọ, ojú kan sì wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan tó pa dé bí ìdodo. Anemone ni gbogbo wọn, ẹran tó máa ń ṣí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí òdòdó nínú omi. Nígbà tí omi fà, wọ́n ká ọwọ́ wọn sínú, wọ́n sì fi àfọ́kù ìkaraun bora kí oòrùn má bàa gbẹ wọ́n. Bí bàtà bá gorí rẹ̀, omi á tú fìì síta. Omi tó tọ́jú pamọ́ de oòrùn nìyẹn.

Irú anemone yìí máa ń ya ara rẹ̀ sí méjì, méjì á di mẹ́rin, títí agbo kan tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà á fi bo òkúta. Bí agbo méjì tí kì í ṣe ẹbí bá pàdé, wọ́n á máa ta ara wọn, ìlà àpáta ṣíṣófo kan á sì wà láàárín wọn bí ààlà oko. Ó ṣe ni láàánú pé ààlà náà ò gba bàtà. Ibi tí ẹ bá ti rí i, ẹ yí gba ibòmíràn.

Bí ẹ ṣe máa gbé ẹsẹ̀ ni pé kí ẹ fi iwájú bàtà kan tẹ ibẹ̀ wò, kí ara tó tẹ̀ lé e. Ẹ má fò láti orí òkúta kan sí òmíràn, torí ibi tí ẹni tó fò bá bọ́ sí lojú rẹ̀ máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Bí ẹ bá fẹ́ já ibì kan tó ga, ẹ jókòó sórí rẹ̀ kẹ́ ẹ sún sọ̀ kalẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo ibi tí ẹ fẹ́ jókòó sí. Ẹ má tẹ inú kòtò omi. Ó lè jọ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ súnmọ́, omi tó mọ́ ló ń tàn yín.

Ọwọ́ náà kò mọ́ tán

Ìmọ̀ràn táwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń dúró sí etíkun náà máa ń fún èèyàn ni pé bí ẹ bá máa fọwọ́ kan nǹkan, ìka kan ṣoṣo ni, kẹ́ ẹ ti fi omi òkun rẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sì kàn án pẹ̀lẹ́ níbi tó wà. Ìka gbígbẹ ń fa ọ̀yọ̀ tó ń dáàbò bo ara wọn kúrò. Ìpara oòrùn tàbí òróró ìpara tó wà lọ́wọ́ yín, inú kòtò ló ń ṣẹ́kù sí, omi inú kòtò kan sì lè má tó ìkòkò ọbẹ̀. Ní tèmi, ẹ wò ó, ẹ má kàn án. Bí ọgbọ̀n ọmọdé bá fọwọ́ kan anemone kan láàárín òwúrọ̀ kan, ìgbà ọgbọ̀n ló máa pa ara rẹ̀ dé tí kò ní rí oúnjẹ mú.

Ìràwọ̀ òkun jẹ́ ọ̀kan tí ẹ kò gbọdọ̀ fà rárá. Ẹsẹ̀ kéékèèké tó rọ̀ bí òwú ló wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n pọ̀ lọ jàra, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lẹ̀ mọ́ òkúta. Ẹni tó bá fà á tu, ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ló ń já sórí òkúta. Ìràwọ̀ aláwọ̀ ọsàn àti àlùkò tí wọ́n ń pè ní ochre star ni ẹ máa rí jù, abẹ́ etí àpáta tí òjìji wà ló sì máa ń wà. Ní àwọn ọdún 1960, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robert Paine ń yọ irú rẹ̀ kúrò lórí apá àpáta kan ní Makah Bay, ìpínlẹ̀ Washington, kó lè rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mussel tí ìràwọ̀ yẹn ń jẹ ló gba ibẹ̀ kan. Irú ẹ̀dá tó wà níbẹ̀ dín láti 15 sí 8. Láti ọdún 2013 sì ni àrùn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìràwọ̀ òkun káàkiri etíkun yẹn: egbò á yọ, apá á já bọ́, ara á yọ́ sílẹ̀ bí àdí. Ìràwọ̀ tó tóbi jù, sunflower star, tí apá rẹ̀ lè lé ní 20, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán ní Kalifóníà. Ọdún 2025 làwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde pé bakitéríà kan, Vibrio pectenicida, ló ń pa á. Bí ẹ bá rí ìràwọ̀ òkun tí ara rẹ̀ rọ jọwọlọ tàbí tó ní egbò funfun, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ fi han àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Limpet jọ fìlà kékeré tó lẹ̀ mọ́ òkúta. Èyí tó tóbi nínú wọn, owl limpet, ní ojúlé tirẹ̀: etí ìkaraun rẹ̀ ti gbẹ́ òkúta títí méjèèjì fi ba ara wọn mu rẹ́gírẹ́gí, bí ọmọrí ṣe ń bo ìkòkò. Bí omi bá ti ń fà, á padà sójú ibẹ̀ gan-an, á sì dé ara rẹ̀ pa. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ tàbí èékánná yọ ọ́ wò kò lè dá a padà, ì báà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ títí. Ẹyẹ á gbé e tàbí kó gbẹ.

Ìkaraun òfìfo ńkọ́, tí kò sí ẹlẹ́mìí nínú rẹ̀? Akàn kan wà tí ìdí rẹ̀ rọ̀, tí kò ní ìkaraun tirẹ̀. Ilé ìgbín tó ti kú ló ń yá gbé. Bó bá ń dàgbà, á máa wá èyí tó tóbi jù, á ki èékánná bọ̀ ọ́, á wọn ẹnu rẹ̀, kó tó fò sínú rẹ̀ wéré. Bí àlejò bá ti ń kó ìkaraun lọ sílé láti fi ṣe ọ̀ṣọ́, ilé tó há mọ́ wọn lọ́rùn nìkan ló máa kù fún wọn. Ẹ wo ẹnu ìkaraun tí ẹ rò pé ó ṣófo fún ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ pupa tàbí aláwọ̀ búlúù lè yọ. Àwọn olórìṣà tó wà ní Kalifóníà, ìbáà jẹ́ láti ilé wa tàbí láti Kúbà, tó bá ń wá ìkaraun fún ojúbọ Yemọja, ibòmíràn ni kí wọ́n ti wá a. Ẹyọ owó àti àbẹ́là náà kò yẹ inú kòtò wọ̀nyí.

Ẹ má ṣí òkúta. Ohun tó wà lórí òkúta fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ fẹ́ òkùnkùn àti ọ̀rinrin. Bí ẹ bá yí i dojú dé tí ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìhà méjèèjì ló máa kú. Ẹ má sì ṣàánú ẹja tí ẹ bá nínú kòtò, kẹ́ ẹ wá gbé e sọ sínú òkun. Omi ò gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ilé rẹ̀ ni.

Síìlì

Síìlì máa ń sùn sórí yanrìn àti àpáta níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n rí bí àpò ẹ̀wà tí wọ́n tò sílẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 300, nǹkan bíi mítà 90, ni kẹ́ ẹ fi jìnnà sí wọn. Bí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni bá ti to kóònù sílẹ̀, ẹ má kọjá rẹ̀. Bí kóònù ò bá sí, ẹ wo orí wọn. Síìlì tó bá gbé orí sókè tó ń wò yín ti ń sọ fún yín pé ẹ ti súnmọ́ jù. Ẹ padà sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìsọ̀rọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sínú omi, torí bí ọ̀kan bá sá, gbogbo wọn ló máa sá, ọmọ kékeré sì lè há sábẹ́ wọn.

Láti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà ni ọ̀rọ̀ yìí le jù, torí ìgbà ìbímọ wọn ni. Ìyá lè fi ọmọ sílẹ̀ létí omi kó lọ wá oúnjẹ. Ọmọ náà á máa ké, ìkáàánú á sì ṣe ẹni tó bá rí i. Ẹ má gbé e, ẹ má da omi sí i lára, ẹ má fi aṣọ bò ó. Bí ìyá bá ń bọ̀ tó rí èèyàn tó pé lé ọmọ lórí, ó lè má gòkè mọ́. Ẹ jìnnà sí i, kẹ́ ẹ pe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tàbí The Marine Mammal Center tó wà ní Sausalito; àwọn ló lè mọ̀ bóyá ọmọ òrukàn ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ti wà láti ọdún 1972 ló ka dídà wọ́n láàmú léèwọ̀, kò sì ní bi yín bóyá àánú lẹ fi ṣe é.

Bí ẹ bá pọ̀

Àwa kì í dá lọ síbi ìgbádùn. Ìjọ, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹbí tó wá láti Houston: èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á ti kóra jọ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹgbẹ́ tó bá ti pé èèyàn mẹ́wàá gbọ́dọ̀ gba àyè sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ San Mateo County Parks, kí ẹgbẹ́ mẹ́ta má bàa dé orí àpáta kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ pín ara yín sí mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, kí àgbàlagbà kan máa tọ́jú ọmọdé méjì. Kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù, òkè ni kó wà. Ẹyẹ òkun á tẹ̀ lé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rá tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ yín níbi tí afẹ́fẹ́ wà yẹn, ó dòkun nìyẹn. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn lè jókòó sórí yanrìn ní ẹnu ibi tí wọ́n ń sọ̀ sí. Ibẹ̀ náà ní kòtò tó súnmọ́, kò sì pọn dandan kó gun orí àpáta kankan.

Ọmọdé á béèrè pé kí làwọn máa ṣe báwọn ò bá lè mú nǹkan. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́: kí wọ́n yan kòtò kan tí kò fẹ̀ ju abọ́ ìfọṣọ lọ, kí wọ́n lóṣòó tì í, kí òjìji wọn má bọ́ sórí omi, kí wọ́n má sì mira. Láàárín ìṣẹ́jú kan, nǹkan kan á kọ́kọ́ rìn, èyí tí wọ́n rò pé òkúta ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa rí ẹja tó ti wà níwájú wọn látàárọ̀.

Nígbà tí àkókò tí ẹ dá bá pé, ẹ padà gba ipasẹ̀ tí ẹ gbà lọ, kí ojú ọ̀nà omi tó kọjá kókósẹ̀. Ẹ gbọn yanrìn àti ìgbín wẹ́wẹ́ kúrò lábẹ́ bàtà kí ẹ tó gòkè. Bí àyè bá ṣì wà, ẹ gba orí òkè, lábẹ́ àwọn igi cypress, ṣùgbọ́n ẹ jìnnà sí etí rẹ̀, torí ilẹ̀ ibẹ̀ ń ya. Láti ibẹ̀ lẹ ti máa rí bí àpáta tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ ṣe tẹ̀ kọdọrọ bí ìlà abọ́ tí wọ́n là sí méjì. Láti ìsàlẹ̀, ẹ ò lè rí i.